Ẹni Tí Ọkọ Mi Ń Dá Lóhùn

Obìnrin kan wà nínú tẹlifíṣọ̀n tí ọkọ mi máa ń dá lóhùn. Èmi Àyìsátù tí mo bímọ fún un, tí mò ń wẹ̀ ẹ́, tí mò ń fi ṣíbí bọ́ ọ, kì í dá mi lóhùn. Sùlíátù ọmọ rẹ̀ á dé, á kúnlẹ̀, á kí i títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ó, kò ní gbin pínkín. Lèmọ́mù á wá ṣe àdúà fún un, àmín kò ní tẹnu rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n tó bá dìrọ̀lẹ́, tí ọmọbìnrin tó ń ka ìròyìn Yorùbá láti Ìlọrin bá ti yọjú, tó ní, "Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa," ọkọ mi á gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ tó ti wọ́ sápá kan á mì, á ní, "Káalẹ́ o, ọmọ mi. Ilé ńkọ́?"

Ẹ wá gbọ́ o! Ilé ńkọ́! Àpótí onígi ni wọ́n ń bi ní ilé ńkọ́.

Mo jowú o, mi ò ní purọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo dìde, mo lọ dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, mo fọwọ́ lé ìbàdí, mo ní, "Bàbá Jùbrílù, èmi náà ń kí yín o. Ẹ káalẹ́. Ṣé èmi ò nílé ni?" Ó kàn ń na ọrùn kó lè rí ẹni tí mo dí mọ́ ọn lójú. Ẹ̀rín pa Sùlíátù, ẹ̀rín pa èmi náà, ìgbà tó yá mo rí i pé ẹkún ni mò ń sun. Láti ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé e ṣubú ní gáréèjì, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ gidi àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Sàláúdéènì Díráfà, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó yẹ kó dákẹ́. Láti Ọ̀mù-Àrán níbí títí dé Ìlọrin, kò sí ẹni tí kì í kí lójú ọ̀nà. Ìyá arúgbó kan á ru igi bọ̀ láti oko, ọkọ mi á dẹ lọ́ọ̀rì lẹ́sẹ̀, á yọrí, á kí i, á dúró gbọ́ èsì. Àwọn èrò ẹ̀yìn á máa pariwo, "Díráfà, ilẹ̀ ń ṣú o!" Á ní kí ẹni tó bá ń kánjú sọ̀ kalẹ̀ kó máa fẹsẹ̀ rìn. Á ní, "Ẹni tó kí mi tí mi ò dáhùn, mo ti ja onítọ̀hún lólè. Èmi ò sì jalè rí." Bí wọ́n bá ní kó kúkú máa fun fèrè ọkọ̀ dípò kó máa dúró, á ní ojú lọ̀rọ̀ wà, pé fèrè kò lójú. Irú ẹni tí ẹnu kú mọ́ lára nìyẹn.

Dókítà tó wò ó ní ọsibítù, ọmọ kékeré kan tó ní sùúrù, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ẹnu Bàbá sinmi o. Ohunkóhun tó bá ń mú wọn sọ̀rọ̀, ẹ dì í mú. Tí ẹnu yẹn bá fi lè pẹ́ láìsọ̀rọ̀, ó lè máà là mọ́ láéláé." Mo ro ó pé kí n má sọ ọ́, ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Mo ní, "Dókítà, obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn." Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú mi, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ tọ́jú tẹlifíṣọ̀n yẹn bí ẹní ń tọ́jú oògùn."

Jùbrílù ọmọ mi ọkùnrin ló rà á, ní ayé owó epo, lẹ́yìn owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù, nígbà tí gbogbo ẹni tó bá ti Èkó bọ̀ ń gbé nǹkan bọ̀. Onígi ni, ó lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó tún ní ilẹ̀kùn kéékèèké méjì tí à ń pa dé mọ́ ọn lójú bí ẹni pé obìnrin eléèhá ló wà níbẹ̀. Orí lọ́ọ̀rì bàbá rẹ̀ ló gùn wọ̀lú. Ọkọ mi ń fun fèrè láti ẹnu odi ìlú títí dé iwájú ilé, òun tó ní fèrè ò lójú! Gbogbo àdúgbò kún pálọ̀ wa fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí owó epo gbẹ.

Owó epo gbẹ. Ṣọ́jà padà wá gbàjọba, ọṣẹ di ohun tí à ń tò sórí ìlà fún, mílíìkì di ohun tí à ń fi pamọ́ fún àlejò. Ilé iṣẹ́ tí Jùbrílù wà dín òṣìṣẹ́ kù. Kò sọ fún mi o. Ó wálé ní Iléyá, ó ní ọ̀nà ò dáa ni òun ò fi mú àgbò dání. Mo wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti gbó, mi ò bi í léèrè ohunkóhun. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọdún yẹn gan-an ni tẹlifíṣọ̀n bàjẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, mo ti gbé ọkọ mi jókòó dáadáa, mo fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Ọmọbìnrin yẹn yọ, ó dé gèlè aláràbarà kan, ó wo ojú wa, ó ní, "Ẹ káa—" Nǹkan kan dún gbàù lẹ́yìn àpótí. Àwòrán náà sún kì, ó di ìlà funfun kan ṣoṣo bí òwú, òwú náà wá parẹ́. Èéfín rú. Mo sáré lọ fa okùn iná yọ, mò ń pe Ọlọ́run. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ọkọ mi ti la ẹnu sílẹ̀ láti dá a lóhùn. Ó wà bẹ́ẹ̀ láìpa á dé, ó ń wo àpótí. Èmi ni mo fọwọ́ rọra pa á dé fún un.

Ilẹ̀ tó máa mọ́, Àfísù dé. Àfísù ni ọkọ Sùlíátù. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe nítòsí gáréèjì, ọmọ Agbamu ni, ọmọ dáadáa ni. Bàbá Wọ̀sílátù ni mò ń pè é, ẹ ni mo sì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè bí i lọ́mọ. Àna ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èèyàn kì í la ojú mọ́ àna.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọkọ mi, ó ní, "Bàbá, oko yín ti dé. Ọ̀wẹ̀ mi rèé."

Ọ̀rọ̀ ọ̀wẹ̀ yìí ló kó bá wa, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nílẹ̀ wa níbí, ẹni tó bá fẹ́ ọmọ ẹni á kó ọ̀rẹ́ jọ, wọ́n á wá fi ọjọ́ kan kọ ebè fún bàbá ìyàwó, ìyá ìyàwó á gúnyán fún wọn, kò sẹ́ni tó ń sanwó, kò sẹ́ni tó ń gbà á. Nígbà tí Àfísù fẹ́ Sùlíátù, ọ̀wẹ̀ di ẹ̀rín. Ọkọ mi ò lóko, ojú ọ̀nà ni oko tiẹ̀. Àfísù náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú. Ọkọ mi wá gbá a léjìká, ó ní, "Jẹ́ kó wà lọ́rùn ẹ. Lọ́jọ́ tí mo bá lóko, màá ránṣẹ́ sí ẹ." Láti ìgbà náà ni Àfísù ti ń ru ọ̀wẹ̀ kiri lọ́rùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀fẹ́ ló gbé ìyàwó.

Ẹ ò rí bí inú rẹ̀ ṣe dùn. Ó lọ kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, alátùn-únṣe rédíò kan láti Arándùn, òmíràn láti Ìgbàjà, wọ́n wọlé pẹ̀lú sìkúrúdíráfà lọ́wọ́ bí àwọn tó ń bọ̀ wá kọ ebè lóòótọ́. Èmi náà gúnyán, mo pa àkùkọ. Wọ́n yí tẹlifíṣọ̀n po, wọ́n tú u lẹ́yìn, aáyán ń sá jáde, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Ará Ìgbàjà ní, "Àfísù, ẹgbàá ebè ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń kọ, ìwọ, ọ̀kan ṣoṣo tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin!" Ọ̀ràn burúkú, tòun tẹ̀rín. Mo rò pé kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọbìnrin wa á ti padà sáyè rẹ̀.

Páàtì kan, ẹ̀yà kan nínú ẹ̀rọ náà, ló jó. Wọ́n fi hàn mí, ó dúdú, ó ń rùn. Àfísù ní òun á wá irú rẹ̀. Wọ́n tú gíláàsì rẹ̀ àti gbogbo ìfun inú rẹ̀ kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi àpótí onígi sílẹ̀ ní pálọ̀, kí ẹni tó bá wọlé má baà rò pé a ti ta tẹlifíṣọ̀n wa jẹ. Mo pa ilẹ̀kùn méjèèjì dé mọ́ òfìfo.

Páàtì ò sí. Àfísù wá a dé Ìlọrin, kò sí. Ó bá ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ní ìjọba ò jẹ́ kí wọ́n kó o wọlé mọ́. Ó ránṣẹ́ sí Èkó, wọ́n ní kí ẹni tó ń wá a lọ wá òkú tẹlifíṣọ̀n irú rẹ̀, kó yọ ọ́ lára rẹ̀. Ó rí ọ̀kan tó jọ ọ́, ó fi sí i, òun náà jó. Bó bá ti rin ìrìn asán báyìí, á wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi. "Ìyá, ẹ má bínú." Èmi náà á ní, "Kò sóhun tó ṣe, Bàbá Wọ̀sílátù. Ẹ kú wàhálà wa." Ẹnu lásán ni. Mo fẹ́ sọ pé, gbé ìfun tẹlifíṣọ̀n mi fún mi kí n gbé e fún ẹlòmíràn! Ta ni mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún? Oko tí àna bá ti ń kọ lọ́wọ́, ẹlòmíràn kì í ti ọkọ́ bọ̀ ọ́. Bàbá ìyàwó tó bá pe alágbàṣe sórí ọ̀wẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé ọkùnrin yìí ò tó ọkọ, kó dá ọmọ òun padà.

Ẹ ó ní, rédíò ńkọ́? A ní rédíò. Mo gbé e sí etí ọkọ mi, wọ́n kí i nínú rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Kò lójú, kò dáhùn. Ẹ ó ní, kí ló dé tí a ò gbé e lọ síbi tí tẹlifíṣọ̀n wà? Ọlábọ̀wálé ará ilé kejì wa ní tẹlifíṣọ̀n méjì. Ṣé ẹ rò pé orí mi ò ronú kàn án ni? Àwọn ọ̀dọ́kùnrin pọ̀n ọ́n lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Bó ti wọlé, gbogbo ẹni tó wà níjókòó dìde lẹ́ẹ̀kan náà: "Áà, Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́! Ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ọlọ́run á fọwọ́ tọ́ yín!" Rhoda, ìyàwó Ọlábọ̀wálé, fi etí aṣọ rẹ̀ nu itọ́ lẹ́nu ọkọ mi lójú gbogbo ayé. Inú rere ló fi ṣe é o. Ọkọ mi di ojú pa, kò là á títí wọ́n fi gbé e padà délé. Nígbà tí a fẹ́ tún gbé e lọ lọ́jọ́ kejì, ó fi ọwọ́ rẹ̀ kan tó ṣì lágbára di ẹsẹ̀ ibùsùn mú.

Ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan kan. Gbogbo àwa tí à ń kí i, àìsàn rẹ̀ là ń kí. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọbìnrin Ìlọrin yẹn nìkan ni kò mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá. Sàláúdéènì Díráfà ló ń kí.

Mo gbìyànjú láti máa kí i láìsí pẹ̀lẹ́. Ojú mi ni kò gbà fún mi. Bí mo bá ní, "Ẹ káalẹ́," pẹ̀lẹ́ ti wà nínú ojú mi, ó sì ń rí i. Nígbà tí iṣu tí wọ́n gbìn ta sókè, kì í wo àpótí mọ́ tó bá dìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n ń wa iṣu náà, ó ti jókòó bí ọ̀kan nínú àwọn ère òkúta Èsìé. Wọ́n sì máa ń sọ fún wa ní kékeré pé èèyàn làwọn ère yẹn tẹ́lẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọlábọ̀wálé fúnra rẹ̀ gbé ọ̀kan nínú tẹlifíṣọ̀n méjèèjì wá. Òun náà wà lára àwọn tí Èkó lé wálé, díẹ̀díẹ̀ ló ń ta ohun tó fi owó epo rà. Ó gbé e kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Ìyá Jùbrílù, ẹ fi títún-un-ṣe yẹn sílẹ̀. Èyí tó jó ti jó. Ẹ gba èyí, ìgbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ẹ san nǹkan. Ẹ jẹ́ kí Bàbá máa rí ọmọ wọn."

Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo ju ìyá rẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn pálọ̀ wà ní ṣíṣí sílẹ̀, ọkọ mi sì ń wò wá láti inú ilé. Ó rí i. Wàláhì, ó rí i. Orí rẹ̀ gbé sókè díẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ rí. Mo ti tẹ̀ ba láti bá Ọlábọ̀wálé gbé e wọlé nígbà tí Sùlíátù dé, Wọ̀sílátù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan ti sáré lọ sọ fún un, ìlú wa kì í gbé ọ̀rọ̀ pamọ́.

"Màmá," ó ní, "kí lẹ fẹ́ ṣe yìí?"

"Mo fẹ́ kí bàbá rẹ sọ̀rọ̀."

"Ọ̀wẹ̀ Bàbá Wọ̀sílátù ò tíì tán."

Mo ní, "Kí ọ̀wẹ̀ máa jẹ́ ọ̀wẹ̀! Títí ọjọ́ wo? Ó yẹ kó ti fúnra rẹ̀ bí páàtì kan báyìí!"

Ọmọ mi kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tòun tọmọ lẹ́yìn. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba tèmi jẹ́. Bí tẹlifíṣọ̀n mìíràn bá wọ ilé yìí, ta ló tún máa gbé rédíò wá fún un? Wọ́n á ní àna rẹ̀ gan-an ò gbẹ́kẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀ ní Agbamu ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹ ò kà wọ́n sí. Bàbá Wọ̀sílátù ò jẹun láti àná, Màmá. Kò sùn. Ó ní bí òun ò bá lè ṣe ọ̀wẹ̀ kan ṣoṣo yìí fún Bàbá, òun ò ní lè wọ ilé yìí mọ́, òun ò sì mọ bí òun ṣe máa máa pe ara òun lọ́kọ mi."

"Bàbá rẹ ń kú lọ níbí!"

"Wọn ò kú, Màmá. Wọ́n kàn dákẹ́ ni."

"Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀?"

Ẹkún ló ń sun. Wọ̀sílátù náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn rẹ̀. Ọlábọ̀wálé wo òkè àjà, ó wo ilẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àna wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àna kọjá òun. Èmi dúró láàárín wọn. Tí mo bá gbé e wọlé, mo ti ilé ọmọ mi wó. Tí mo bá dá a padà, mo pa ẹnu ọkọ mi dé fúnra mi. Mo wo Sùlíátù. Ìgbéyàwó rẹ̀ ṣì tutù, ayé rẹ̀ ṣì pọ̀ níwájú. Ta ni nínú yín ló fẹ́ bá mi yàn? Ẹ sọ, mò ń gbọ́.

Mo ní kí Ọlábọ̀wálé máa gbé e padà.

Mi ò wo ìhà ilẹ̀kùn pálọ̀ nígbà tó ń gbé e lọ. Nígbà tí mo wọlé, orí ọkọ mi ti padà sórí ìrọ̀rí, ó kọjú sí ògiri.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára débi pé ó di wèrè mọ́ mi lọ́wọ́. Nírọ̀lẹ́ ọ̀la rẹ̀, nígbà tó tó àsìkò ìròyìn, mo wé gèlè tí mo fi ṣe Iléyá. Mo fi yẹtí sétí. Mo gbé ọkọ mi jókòó, mo yí i kọjú sí àpótí, mo ṣí ilẹ̀kùn kéékèèké méjèèjì. Mo wá gba ẹ̀yìn lọ, mo kúnlẹ̀, eékún mi ń dún, mo ti orí bọ inú àpótí náà títí ojú mi fi yọ níbi tí gíláàsì wà tẹ́lẹ̀. Mo yọ gbogbo pẹ̀lẹ́ kúrò lójú mi. Mo wò ó tààrà bí ọmọ Ìlọrin yẹn, mo ní, "Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa."

Ó wò mí. Ó wò mí pẹ́. Apá ẹnu rẹ̀ tó yè wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo rò pé nǹkan ń ṣe é ni, àṣé ẹ̀rín ni. Ó ní, "Àyìsátù."

Orúkọ mi! Ọdún mélòó ló ti ń pè mí ní Ìyá Jùbrílù.

Ó ní, "Jáde níbẹ̀. Eruku wà."

Mo fi orí gbá igi níbi tí mo ti ń sáré jáde. Mo sáré dé ìta, mo ń pariwo pé Bàbá Jùbrílù ti sọ̀rọ̀ o, èmi ló bá sọ̀rọ̀, ẹ wá gbọ́! Wọ́n wá. Wọ́n kún pálọ̀. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ tún un sọ o. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ tún un sọ." Ó di ojú pa.

Lọ́jọ́ kejì mo wé gèlè, mo tún ti orí bọ inú àpótí. Ó ń wò mí, kò sọ nǹkan. Mo ń bá a nìṣó. Mo yí gèlè padà, mo yí ohùn padà, mo bẹ̀ ẹ́. Ẹnu náà ò là mọ́. Dókítà wò ó, ó bi mí pé ọ̀rọ̀ wo ló sọ gbẹ̀yìn. Mo ní, "Eruku." 

Ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ ilẹ̀ pátápátá nígbà tí Àfísù dé. Mo ti ń gbọ́ ohùn wọn láti òkèèrè, òun, ará Arándùn àti ará Ìgbàjà, wọ́n ru gíláàsì, wọ́n ru ìfun tẹlifíṣọ̀n, eruku bò wọ́n. Àfísù ti rí òkú tẹlifíṣọ̀n kan tó jẹ́ ìkejì tiwa gẹ́lẹ́ ní ọ̀nà Sàáré. Ẹni tó ni ín ò fẹ́ yọ páàtì kan péré lára rẹ̀, àfi kó rà á tòkú tòkú. Alùpùpù rẹ̀ ló tà. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá sí ilé mi. Mo ti to gbogbo èébú tí màá bú u sẹ́nu láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n ti wà nílẹ̀ dáadáa, nígbà tí mo wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú bàtà, mi ò rí ibi tí mo fi wọ́n sí mọ́. Ta ni kí n wá bínú sí báyìí? Ẹ fi hàn mí, kí n bínú sí i.

Mo gúnyán. Wọ́n dè é, wọ́n so ó, wọ́n ti okùn bọ iná. Ó tàn. Àwòrán náà mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, ìlù ìròyìn ń dún. Ará àdúgbò ti dé, Ọlábọ̀wálé àti Rhoda dúró lẹ́nu ọ̀nà, Sùlíátù fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. A gbé ọkọ mi jókòó, ìrọ̀rí wà lẹ́yìn rẹ̀. Àfísù ti dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń retí.

Ọmọbìnrin náà yọ. Ó ti sanra díẹ̀, àbí gèlè rẹ̀ ni. Ó wo ojú wa, ó ní, "Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa."

Gbogbo wa yíjú sí ọkọ mi. Ojú rẹ̀ wà lára ọmọbìnrin náà, ó dá a mọ̀, mo fi Ọlọ́run búra pé ó dá a mọ̀. Ètè rẹ̀ sún mọ́ ara wọn, wọ́n yà, wọ́n tún sún mọ́ ara wọn. Kò sí ohùn níbẹ̀. Omi kan jáde lójú rẹ̀ apá ibi tó yè.

Àfísù ṣì wà nílẹ̀. Kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ọ̀wẹ̀ mi pé?" Mo ní, "Ó pé, Bàbá Wọ̀sílátù. Ẹ dìde. Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á gbà á ní iṣẹ́ rere."

Ọmọbìnrin yẹn sì ní ìwà kan. Tó bá kíni tán, á dákẹ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìròyìn, á máa wo èèyàn lójú bí ẹni tó ń retí èsì. Ó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ń wo ọkọ mi, kò mọ nǹkan kan, ó ń dúró dè é. Sàláúdéènì ò sì jalè rí láyé rẹ̀. Mo bá sún mọ́ ọn, mo jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo kọjú sí àpótí lójú gbogbo wọn.

Mo ní, "Káalẹ́ o, ọmọ mi. Ilé ńkọ́?"